Ká Máa Wo Ojú Ajá Wa

Ajá dúdú tó ní àmì méjì pupa rúsúrúsú lókè ojú kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ẹni tó bá rìn káàkiri Ìlá-Ọ̀ràngún, tó gba Òkè-Ìlá kọjá, tó sì dé Ọ̀rà, yóò rí i níwájú ilé, lẹ́nu ọ̀nà oko, àti nítòsí àwọn tó ń ta oúnjẹ. Àmì náà kì í tóbi. Ọ̀kan wà lókè ojú ọ̀tún, ọ̀kan wà lókè ojú òsì, èèyàn á sì rò pé ajá náà ní irun òkè ojú bíi tiwa. Àwọ̀ kan náà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ní àyà, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti lábẹ́ ìrù. Nílé tiwa, ajá olójú mẹ́rin là ń pè é.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo irú ajá bẹ́ẹ̀, mo sì ti ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ara mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀, màá sì sọ ọ́ láìkánjú: àmì yẹn ń fa ojú wa lọ sí ojú ajá, ẹni tó bá sì ń wo ojú ajá rẹ̀ lójoojúmọ́ ni yóò mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ràn àmì, tí kò wo ajá tó gbé àmì náà, kò tíì ní ajá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó sin ajá ṣáájú wa. Àgbẹ̀ àti ọdẹ ni àwọn baba ńlá wa. Ìtàn tí a bá nílé ni pé Fágbàmílà Àjàgùnnlà, tó tẹ Ìlá dó, tẹ̀lé ogbó, àdá àṣẹ tí Odùduwà fi lé e lọ́wọ́ láti Ilé-Ifẹ̀, títí ó fi dé ibi tí yóò jókòó sí. Àwọn tó la igbó kọjá báyìí kò lè ṣe kí wọ́n má mọ iyì ajá. Ajá ló ń tọ ipasẹ̀ ọ̀yà nínú koríko, ajá ló ń hú òkété nínú ihò, òun náà ló sì ń jí onílé lóru bí ẹsẹ̀ àjèjì bá kan ilẹ̀ àgbàlá. Ọdẹ á so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí ó lè mọ ibi tó wà bí igbó bá dí. Wọn kì í sì í pè é ní ajá lásán. Wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ tí aládùúgbò yóò gbọ́ tí yóò fi ronú: Tanímọ̀la, Ẹ̀yìnlàárò, Ìwàlẹwà.

Àwọn tó gbọ́ àlọ́ ní kékeré yóò rántí ọdẹ tó ní ajá mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé. Wọ́n gbọ́ ohùn ọ̀gá wọn láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sáré wọ igbó, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ ikú. Ọmọ tó bá gbọ́ àlọ́ yẹn kò ní fi ojú ohun tí kò ní làákàyè wo ajá mọ́. Àwọn àgbà tún sọ pé ajá tó rẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n èèyàn la sábà máa ń pa á fún. Ẹ jẹ́ ká dá a padà sára ajá fúnra rẹ̀. Kí ni ajá nílò kí a tó lè sọ pé ó ní ẹni lẹ́yìn?

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n padà sí àmì náà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn àgbà máa ń sọ pé ajá olójú mẹ́rin ń rí ohun tí èèyàn kò rí. Wọ́n ní ojú méjì ti ìsàlẹ̀ ń wo ayé, àmì méjì ti òkè ń wo àwọn tó ti lọ. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá dìde lóru tó ń gbó sí ibi tí kò sẹ́nì kankan, ìyá àgbà á ní ká wọlé, ká ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe àwa nìkan ni àmì yìí mú ronú bẹ́ẹ̀. Nínú Rigveda, ìwé mímọ́ àtijọ́ àwọn ará Íńdíà, ajá olójú mẹ́rin méjì ló ń ṣọ́ ọ̀nà tí òkú ń gbà lọ sọ́dọ̀ Yama, ọba àwọn òkú. Àwọn ẹlẹ́sìn Zoroaster nílẹ̀ Páṣíà máa ń mú ajá wá wo òkú kí wọ́n tó gbé e lọ, ajá olójú mẹ́rin sì wà lára àwọn tí ìwé wọn dárúkọ fún iṣẹ́ náà. Àwọn èèyàn yìí kò mọ Ìlá, àwa náà kò mọ ibùgbé wọn, síbẹ̀ wọ́n wo ojú ajá, wọ́n sì rò ó bí àwọn àgbà wa ṣe rò ó.

N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ajá ń rí lóru. Ohun tó dájú ni pé etí ajá ń gbọ́ ìró tó ga débi tí etí èèyàn kò lè gbọ́ ọ, imú rẹ̀ sì ń gbóòórùn ẹni tó ti kọjá lọ láti ìgbà pípẹ́. Bí ó bá ń gbó sínú òkùnkùn, ó ní ohun tó gbọ́ tàbí tó gbóòórùn rẹ̀. Ó lè jẹ́ ejò, ó lè jẹ́ olè, ó lè jẹ́ ajá mìíràn tó ń ṣàìsàn tó ń rìn kiri. Kí onílé gbé iná, kí ó wò ó. Ajá ti ṣe tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìgbàgbọ́ yẹn tí mo fẹ́ ká fi sílẹ̀ pátápátá, òun ni ọ̀rọ̀ ìpin. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ìpin ojú ajá ra ojú ara rẹ̀ yóò máa rí ará ọ̀run. Ẹ má ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín ṣe é. Ìpin kì í ṣe agbára. Ìwọ̀nba kékeré tó gbẹ sí igun ojú láàárọ̀ kò burú. Bí ó bá pọ̀, tó nípọn, tó sì dà bí ọyún, àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan gún ojú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ àìsàn tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní distemper, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpin àti ikun imú, tí ikọ́ á tẹ̀lé e, tí ara ajá á wá máa gbọ̀n pẹ́pẹ́ nígbà tó bá yá. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣèpin. Bí òwe náà ṣe bá èèyàn mu ló bá ajá mu. Ẹni tó rí irú ìpin tó nípọn bẹ́ẹ̀ lójú ajá rẹ̀ láàárọ̀, kó má dúró dìrọ̀lẹ́.

Ibo ni àmì òkè ojú náà ti wá gan-an? Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò. Akọ ajá pupa gun abo ajá pupa, abo bí ọmọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wá jẹ́ dúdú tó ní àmì lókè ojú. Onílé á ní ajá ìgboro kan ló wọ àgbàlá òun. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí abo ajá lè lóyún fún akọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Jíìnì kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ASIP, òun ló ń pín ibi tí àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ pupa yóò wà lára ajá. Ní ọdún 2021, Danika Bannasch ti Yunifásítì California ní Davis àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ àlàyé jáde nínú Nature Ecology & Evolution lórí bí jíìnì yìí ṣe ń ya oríṣiríṣi àwọ̀ sára ajá. Èyí tó ń mú àmì òkè ojú wá máa ń fara pamọ́. Ajá gbọ́dọ̀ jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, kó sì jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, kí ó tó lè hàn. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ pupa, tí wọ́n sì gbé e pamọ́ sínú ara, a jẹ́ pé tí a bá pín ọmọ wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, ìdá kan ló ṣeé ṣe kó ní in. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má pa ọmọ ajá tàbí kó sọ ọ́ nù nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kò jọ ti ìyá rẹ̀. Ìdílé rẹ̀ náà ló ti wá.

Àjogúnbá yìí kò mọ ààlà ìlú. Ajá Kóńgò tí wọ́n ń pè ní Basenji, tó jọ ajá ìbílẹ̀ wa ní ìrísí, lè ní i. Rottweiler àti Doberman, tí wọ́n ti Jámánì wá, ní i. Ẹni tó bá san owó gọbọi ra Rottweiler ní Ìbàdàn nítorí àmì méjì òkè ojú rẹ̀, àti ọmọdé tó gba ọmọ ajá olójú mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò ní Ìlá, àmì kan náà ni wọ́n gbé lọ sílé.

Àwọ̀ irun ni àmì yẹn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ awọ ibẹ̀, iṣan kan wà tó yẹ ká mọ̀. Ní ọdún 2019, Juliane Kaminski ti Yunifásítì Portsmouth, Anne Burrows ti Yunifásítì Duquesne àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ojú ajá wé ojú ìkookò, nítorí ọ̀dọ̀ ìran ìkookò ni ajá ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n rí i pé iṣan tó ń gbé apá inú òkè ojú sókè wà dáadáa lára ajá, nígbà tó jẹ́ pé lára ìkookò, díẹ̀ ló wà, kò sì lágbára. Ìgbésókè òkè ojú yìí ló ń jẹ́ kí ojú ajá tóbi sí i, kí ó sì dà bíi pé inú rẹ̀ bàjẹ́ tàbí pé ó ń bẹ̀ wá. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2013, ìwádìí mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé láàárín àwọn ajá tí kò nílé, èyí tó bá ń gbé òkè ojú sókè léraléra máa ń tètè rí ẹni tí yóò gbà á. Ní 2024, àwọn olùwádìí rí irú iṣan bẹ́ẹ̀ lára ajá igbó ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú, èyí tí kò bá èèyàn gbé rí, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ṣì ní ohun tí a óò máa kọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé ajá ń fi òkè ojú bá wa sọ̀rọ̀. Lára ajá olójú mẹ́rin, àmì pupa lórí irun dúdú máa ń jẹ́ kí ìsọ̀rọ̀ náà tètè hàn.

Síbẹ̀, ó yẹ ká ṣọ́ra, nítorí àmì náà kì í kúrò lójú ajá yálà inú rẹ̀ dùn tàbí kò dùn. Àwọn kan ń wo ajá olójú mẹ́rin, wọ́n á ní ó le, ó burú. Àwọn mìíràn á ní ó gbọ́n, kò sì ní bu ọmọ jẹ láéláé. Àmì kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Kí a wo ojú fúnra rẹ̀, kí a wo etí, ẹnu, ìrù àti bó ṣe dúró. Ajá tí ara rẹ̀ le gbagidi, tó ń wo ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tí funfun ojú rẹ̀ fi hàn, tó ká ètè rẹ̀ sókè, tàbí tó fi ìrù há ẹsẹ̀ méjèèjì, ń sọ pé ká fún òun láyè. Ọmọdé ló yẹ ká kọ́ jù lọ: kó má fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun, èyí tó ń sùn, àti èyí tó ń fún ọmọ lọ́yàn. Kó má gbá ajá tí kò mọ̀ mọ́ra nítorí pé ojú rẹ̀ wù ú.

Bàbá mi jẹ́ ọdẹ. Kí ó tó gbéra láàárọ̀, yóò pe ajá rẹ̀, yóò di àgbọ̀n rẹ̀ mú, yóò sì wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á ṣí ètè rẹ̀, á wo inú etí, á fọwọ́ pa ọrùn àti abíyá, á sì la àárín ìka ẹsẹ̀ wò. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn dókítà ẹranko ń kọ́ wa lónìí kò jìnnà sí ohun tó ń ṣe. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ajá máa ṣe é, kò gba àkókò.

Ojú tó dára máa ń mọ́ rekete, kì í pọ́n, kì í ṣomi púpọ̀. Kí a má gé àwọn irun gígùn díẹ̀ tó máa ń hù níbi àmì òkè ojú náà, ajá ń fi wọ́n mọ ohun tó bá fẹ́ gún un lójú nínú igbó. Bí a bá ṣí ètè, ìdí eyín yẹ kó pọ́n díẹ̀ bíi ti èèyàn tí ara rẹ̀ le. Bí ó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ti dín lára ajá nìyẹn. Nílẹ̀ wa, ohun tó sábà ń fa èyí ni aràn àti eégbọn. Eégbọn kì í kàn mu ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó ń gbé àìsàn wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó ku. Ọ̀kan nínú àìsàn náà ni babesia, tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ láti inú: ara ajá á gbóná, kò ní jẹun, ìdí eyín á funfun, ìtọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n. Ajá bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú tí a kò bá gbé e lọ fún ìtọ́jú. Inú etí, abẹ́ ọrùn, abíyá àti àárín ìka ẹsẹ̀ ni eégbọn ń sá sí. Kí a fà á tu láti ìdí rẹ̀ tí ó fi mọ́ awọ, kí a má fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Oògùn eégbọn wà lọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹranko, ìwọ̀n ara ajá ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Òtapiapia tí a ń fín sí ẹ̀fọn àti aáyán kì í ṣe oògùn ajá. Ajá máa ń lá ara rẹ̀, ohun tí a bá dà sí irun rẹ̀ yóò wọ inú rẹ̀. Bákan náà ni ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tí àwọn kan máa ń fi pa ajá tó ní kúrúnà. Ọ́ìlì yẹn ń jó awọ, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kúrúnà ajá ní oògùn, ó sì lè ran èèyàn.

Nígbà òjò, ẹ máa wá ìwú kékeré tó ní ihò lórí lára ọmọ ajá. Eṣinṣin kan ló ń yé ẹyin sínú iyanrìn tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ti bà jẹ́, ìdin rẹ̀ á sì wọ awọ ajá tó bá sùn síbẹ̀. Ìdin kan náà ń wọ ara èèyàn láti inú aṣọ tí a sá sílẹ̀. Ohun tó ń lé e lọ ni kí ibùsùn ajá gbẹ, kí ó mọ́, kí a máa gbá a, kí a máa sá a sóòrùn.

Ní ti oúnjẹ, ajá wa ń jẹ ohun tí ilé ń jẹ. Ẹ̀kọ, àmàlà, ègbo àti ìrẹsì kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ajá nílò ẹran, ẹja tàbí ẹyin nínú rẹ̀, pàápàá jù lọ ọmọ ajá àti abo tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́yàn. Egungun adìẹ tí a ti sè máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tó mú, ó lè gún ọ̀nà ọ̀fun àti ìfun. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì yẹ fún un. Ṣokoléètì lè pa á. Omi mímọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú abọ́ rẹ̀ tọ̀sán tòru, kí a máa dà á nù, kí a máa pọn òmíràn. Mo ti rí ilé tí ajá ti ń jẹ ẹran lójoojúmọ́ tí abọ́ omi rẹ̀ sì gbẹ láti àárọ̀, mo sì mọ èyí tó kọ́kọ́ ń pa ajá nínú ebi àti òùngbẹ.

Abo ajá ń lóyún fún nǹkan bí ọjọ́ 63. Ojú ọmọ rẹ̀ máa ń là láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Kí a má já a lẹ́nu ọmú kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sàn kó pé mẹ́jọ kí a tó gbé e fún ẹlòmíràn. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni oògùn aràn ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí aràn ti máa ń wà lára rẹ̀ láti inú ìyá. Ọ̀rọ̀ aràn yìí kan àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. Ẹyin aràn kan báyìí láti inú ìgbẹ́ ajá lè wọ ẹnu ọmọ tó ń ṣeré nínú yẹ̀pẹ̀, ó sì lè ba ojú ọmọ náà jẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ yẹ kó wọ ara ọmọ ajá, tí a óò sì tún un gbà títí yóò fi pé nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Òun ló ń dènà distemper àti parvo, àìsàn tó ń mú ọmọ ajá bì, tó ń yà á nígbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tó sì ń pa gbogbo ọmọ inú ilé kan láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Mo wá kan ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù: dìgbòlugi. Kò sí àmì lójú ajá tó lè dènà rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni dìgbòlugi ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì ti ń pa púpọ̀ jù. Nínú ọgọ́rùn-ún tó kó o, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún tí ajá tí a fura sí bu jẹ ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì àìsàn náà bá ti hàn lára èèyàn, kò sí oògùn tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n a lè dènà rẹ̀. Láti ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur gún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ nílẹ̀ Faransé lẹ́yìn tí ajá bù ú jẹ, ni ayé ti mọ ọ̀nà àbáyọ. Ọmọ náà kò kú. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹranko tó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹran ọ̀sìn ní orílẹ̀-èdè wa níbí.

Ìwà ajá àti ojú rẹ̀ ni dìgbòlugi ti kọ́kọ́ ń hàn sí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Ajá tó máa ń yọ̀ mọ́ni á wá máa sá sí kọ̀rọ̀, èyí tó ń tijú á wá máa súnmọ́ àjèjì. Ojú rẹ̀ á rànjú. Ohùn gbígbó rẹ̀ á yí padà. Àgbọ̀n á já, itọ́ á máa dà, kò ní lè gbé omi mì. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sáré kiri bu èèyàn jẹ. Àwọn kan á kàn dákẹ́, ara wọn á rọ, wọ́n á kú, ẹni tó sì fi ọwọ́ sí wọn lẹ́nu tó rò pé egungun ló há wọn lọ́fun ti fi ara rẹ̀ sínú ewu.

Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ohun àkọ́kọ́ ni ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, kí a fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a má sun irun ajá náà, kí a má pò ó mọ́ epo pupa lé ojú ọgbẹ́. Oṣù méjì tàbí mẹ́ta lè kọjá kí àìsàn náà tó yọjú, ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń rò pé epo ti ṣiṣẹ́. Kí a má yára pa ajá náà bí a bá lè mú un láìséwu. Kí a so ó, kí a ké sí dókítà ẹranko, kí a ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bù jẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá yẹn kó tó lọ gba abẹ́rẹ́.

Ajá ọmọ oṣù mẹ́ta ti tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àkọ́kọ́, kí a sì máa tún un gún lọ́dọọdún, kí a gba káàdì rẹ̀, kí a tọ́jú káàdì náà bíi ti ọmọ. Dókítà ẹranko wà lábẹ́ ìjọba, ilé ìwòsàn ẹranko sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ìlọrin fún ọ̀ràn tó bá le. Mo mọ ohun tí àwọn kan máa ń sọ: ajá ìbílẹ̀ kò nílò abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ le. Òótọ́ ni pé ajá ìbílẹ̀ ní ohun tó jogún. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, tó yẹ àjogúnbá ajá ìbílẹ̀ Nàìjíríà wò, rí àwọn ohun tó ń bá wọn kojú kòkòrò àìsàn ilẹ̀ olóoru. Ṣùgbọ́n dìgbòlugi kì í bi ajá léèrè ìran rẹ̀. Ní ti Rottweiler àti Doberman tó ń wọ ìlú wa, ooru wa kò bá wọn lára mu bíi ti ajá ìbílẹ̀. Ibòji, omi, àti ìrìn láàárọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀tọ́ wọn. Ajá tí a fi ṣéènì so mọ́ igi láti àárọ̀ dé alẹ́ kò ní gbọ́n, yóò kàn máa bínú.

Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ògún ni ajá wà nínú àṣà wa, Ọdún Ògún sì wà lára àwọn ọdún tí Ìlá ń ṣe. N kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu àgbà ọdẹ kankan pé nítorí bẹ́ẹ̀ ni kí a fi ebi pa ajá tàbí kí a jẹ́ kí eégbọn jẹ ẹ́. Bàbá tèmi pàápàá, tó ń bọ Ògún, kì í jẹun kí ajá rẹ̀ tó jẹ bí wọ́n bá ti oko ọdẹ dé. Bí ajá bá darúgbó, funfun á wọ irun ẹnu rẹ̀, á gun òkè, àmì òkè ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Eyín rẹ̀ á dùn ún, orúnkún rẹ̀ á le. Kí a rọ oúnjẹ rẹ̀, kí a tẹ́ nǹkan sílẹ̀ fún un, kí a má lé e síta nítorí pé kò lè ṣọ́ ilé mọ́. Àkókò tí àmì náà parẹ́ yìí ni a ó mọ̀ bóyá àmì la fẹ́ràn tàbí ajá.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ ajá olójú mẹ́rin, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ìyá rẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́. Ẹni tó ti ní ajá, kó máa di àgbọ̀n rẹ̀ mú láràárọ̀, kó wò ó. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá àti ti Ifẹ́dayọ̀, àwọn ọba wa, àwọn olórí ọdẹ àti àwọn olùkọ́ jọ yan ọjọ́ kan lọ́dún tí gbogbo ajá yóò jáde wá gba abẹ́rẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, tí ayé yà sọ́tọ̀ fún ìgbógunti dìgbòlugi, ti wà nílẹ̀ fún un. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí méje nínú mẹ́wàá ajá àdúgbò kan bá gba abẹ́rẹ́, àìsàn náà kò ní rí ọ̀nà tàn ká mọ́. Méje nínú mẹ́wàá kò pọ̀ jù fún ìlú tí àwọn baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ. Àwa àgbà ló yẹ ká kọ́kọ́ fa okùn ajá tiwa jáde, kí àwọn ọ̀dọ́ rí wa, kí wọ́n sì fa tiwọn tẹ̀ lé wa.